Oògùn 1,000 Náírà Lóṣù

Nígbà tí Fẹlá kú ní 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, sọ ní gbangba pé éèdì ni, ọ̀pọ̀ wa ò gbà. Ní 2001 ni ìjọba ṣàyẹ̀wò àwọn aboyún káàkiri. Benue wa yìí ló pọ̀ jù: 13.5 nínú 100.

Ìjọba gbé oògùn dé ní 2002, 1,000 náírà lóṣù. Ìyàwó tó ń pàtẹ tòmátì ní Wadata, níbo ló ti fẹ́ rí i? Ọkọ ló ń fowó oúnjẹ sílẹ̀. Báwo ló ṣe máa sọ fún un pé kó lọ ṣàyẹ̀wò kó tó fọwọ́ kan òun? Àwọn ìyá tó ń dá àjọ, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, àwọn ló láyà láti sọ ọ́. Àwọn kan pè é ní ìgbéraga. Ìgbéraga kẹ̀! Ẹ̀mí ara wọn ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ní 2006 oògùn di ọ̀fẹ́, àmọ́ owó ọ̀kadà dé ọsibítù ò dọ̀fẹ́. Nínú àyẹ̀wò 2018 jákèjádò Nàìjíríà, láàárín ẹni ọdún 15 sí 49, obìnrin 1.9 nínú 100 ló ní kòkòrò náà, ọkùnrin 0.9.