Ìwé Tí A Kò Kà ní Páríìsì, àti Ẹ̀rù Tí Ó Dá Sílẹ̀

Ìwé kan tí a kò kà ni ó dá ẹ̀rù tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ní àṣálẹ́ yìí sílẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1773, Àjọ àwọn Onímọ̀ ní Páríìsì, olú ìlú ilẹ̀ Faransé, ṣe ìpàdé kan tí gbogbo ènìyàn lè wá gbọ́. Nínú àwọn tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni Jérôme Lalande, onímọ̀ ìràwọ̀ tí òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ó ti kọ ìwé sílẹ̀ nípa àwọn ìràwọ̀ onírù tí ipa ọ̀nà wọn lè súnmọ́ ayé wa. Ṣùgbọ́n àkókò tán kí ó tó kàn án, kò sì rí àyè ka ìwé náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú ìpàdé sínọ́ọ̀dù rí mọ bí irú èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀.

Kò pẹ́ tí ariwo fi gba ìgboro. Àwọn kan ti gbọ́ àkọlé ìwé náà. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ inú rẹ̀. Láti ẹnu dé ẹnu ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Lalande kọ̀wé pé ìràwọ̀ onírù lè súnmọ́ ayé. Ní ọjà, ó di pé ọ̀kan ń bọ̀. Nígbà tí yóò fi dé ẹ̀yìn odi, wọ́n ti dá ọjọ́ fún un nínú oṣù karùn-ún, òkun yóò sì ru bo ilẹ̀. Èmi tí mo ti ń wàásù láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé ìwàásù a máa yí padà kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí a má tilẹ̀ sọ ti èyí tí a kò wàásù rárá.

Àwọn ará ìgbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé Lalande kún fún àwọn tí ó wá bi í léèrè bóyá òpin ayé ti dé. Àwọn olùfọkànsìn kan tọ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Páríìsì lọ pé kí ó pàṣẹ àdúrà ogójì wákàtí láti lé ìkún omi náà padà, àwọn onímọ̀ ni ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe é. Emi kò ní fi àwọn tí ó bẹ̀bẹ̀ fún àdúrà ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n gbọ́ pé ikú ń bọ̀, wọ́n sì lọ sí ibi tí a ti kọ́ wọn láti lọ.

Lalande kéde nínú ìwé ìròyìn ìjọba pé òun kò dá ọjọ́ kankan, àti pé kò tilẹ̀ ṣeé ṣe láti dá ọjọ́ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ará: onímọ̀ kà á sí ìtùnú; ẹni tí ẹ̀rù ń bà kà á pé ó lè jẹ́ ọ̀la. Ariwo náà kò rọlẹ̀. Voltaire, òǹkọ̀wé ńlá, kọ lẹ́tà tí ó fi pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín. Lalande wá tẹ odindi ìwé náà jáde ní ọdún náà, oṣù karùn-ún sì kọjá lọ.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni èyí: ní oṣù keje ọdún 1770, ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, ìràwọ̀ onírù gidi kan tí à ń fi orúkọ Lexell pè gba ẹ̀gbẹ́ ayé kọjá ní nǹkan bí 1,400,000 máìlì, òkun kò sì ru. Ẹ̀rù àwọn ará Páríìsì kò tẹ̀lé ìràwọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó tẹ̀lé.

Mo lè sọ ti ọdún 1910, nígbà tí ayé gba àárín ìrù ìràwọ̀ Halley kọjá, tí àwọn ènìyàn ní Chicago fi àkísà dí ojú ihò kọ́kọ́rọ́ nítorí afẹ́fẹ́ olóró tí ìwé ìròyìn sọ pé ó wà nínú rẹ̀. Àwọn oníjìbìtì sì ta oògùn oníhóró fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òkúta.

Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1801, tí Giuseppe Piazzi rí èyí àkọ́kọ́ ní Sísílì, ni a ti mọ̀ pé àwọn òkúta ńláńlá pẹ̀lú ń yí oòrùn ká. Ọ̀kan tí a ń pè ní Hermes kọjá ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1937, tí jíjìnnà rẹ̀ sí wa kò tó ìlọ́po méjì ti òṣùpá. Karl Reinmuth rí i ní Jámánì ní ọjọ́ méjì péré ṣáájú, nítorí náà kò sí àyè fún àhesọ láti dàgbà.

Apophis ní tirẹ̀ rí àyè. A rí i ní oṣù kẹfà ọdún 2004, wọ́n sì fún un ní orúkọ ejò búburú inú ìtàn àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, èyí tí kò ran ọ̀ràn náà lọ́wọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn onímọ̀ sọ pé ó lè kọlu ayé ní ọdún 2029. Lójoojúmọ́ ni iye náà ń ga sí i, títí ó fi di ọ̀kan nínú 37. Àwọn ènìyàn rò pé òkúta náà ni ó ń yà sí ọ̀nà wa. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí ewúrẹ́ bá ṣáko lọ sí àdúgbò tí ó ní agbo ilé ogójì, ìfura sí agbo ilé Báálẹ̀ kéré. Bí a bá tú ogún tí a kò bá a níbẹ̀, ìfura náà ti di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni Báálẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Bí a bá tún tú mẹ́wàá, ó tún pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni a bá ewúrẹ́ ní agbo ilé ẹlòmíràn, ìfura sì pòórá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti Apophis: bí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n dáradára sí i, àwọn ọ̀nà tí ó lè gbà ń dín kù, ayé wa sì ṣì wà láàárín àwọn tí ó kù. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, wọ́n rí àwòrán rẹ̀ tí a ti yà ní oṣù kẹta ọdún náà, a sì mọ̀ pé kì yóò kọlù wá ní 2029. Ní ọdún 2021 ni wọ́n tó fi dá wa lójú pé kò sí ewu rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó kéré tán. Òkúta mìíràn tí a rí ní oṣù kejìlá ọdún 2024 tún rin ọ̀nà kan náà: ó ga dé bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kejì ọdún 2025, kí oṣù náà sì tó parí, ewu rẹ̀ sí ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo.

Kì í ṣe pé kò sí ewu rárá. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ń retí òkúta kan tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò kọjá ní nǹkan bí 17,000 máìlì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀ ti ìhà oòrùn wá, ó sì bú gbàmù lókè ìlú Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà. Ọ̀pọ̀ sá lọ sójú fèrèsé láti wo ìmọ́lẹ̀ náà. Ìró rẹ̀ dé lẹ́yìn náà, ó sì fọ́ gíláàsì sí wọn lójú. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó farapa. Kò sí àhesọ kankan tí ó ṣáájú òkúta yìí.

Apophis yóò dé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2029. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 1,100 ẹsẹ̀ bàtà, yóò sì kọjá ní nǹkan bí 20,000 máìlì sí ilẹ̀, ní kété kí aago mọ́kànlá tó lù ní ilẹ̀ wa. Ojú lásán ni a ó fi rí i láti Áfíríkà, bí ìràwọ̀ kékeré kan tí ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀ tí ó dúró, bí ìkùukùu òjò àkọ́rọ̀ kò bá bò ó mọ́lẹ̀.