Bí A Ṣe Ń Yan Katakata Kékeré Tí Ó Bá Oko Mu

Katakata kékeré ni a ń pe ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ onítáyà mẹ́rin tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín agbára ẹṣin 20 sí 50. Ó tóbi ju ẹ̀rọ onítáyà méjì tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé lọ, ó sì kéré sí katakata alágbára ẹṣin 75 tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti mọ̀ nítorí pé irú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń háyà. Owó tí àgbẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń dá jọ láti ra irú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe owó kékeré. Bí wọ́n bá ṣi ẹ̀rọ yàn, owó tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ lè bọ́ sórí ohun tí kò lè tú ilẹ̀ wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó bi oníṣòwò léèrè iye tí ó ń tà á, ẹ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ yín wò.

Kùkùté ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ilẹ̀ tí ó ti di igbó fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ní gbòǹgbò àti kùkùté tí ó fara pamọ́ sábẹ́ koríko, katakata kékeré kò sì ní ìwọ̀n tí ó lè fi borí wọn. Bí dísìkì bá kọ lu kùkùté, yálà irin ni yóò tẹ̀ tàbí apá tí ó gbé e dúró ni yóò ṣẹ́. Kí ẹ hú kùkùté kúrò tán ná, tàbí kí ẹ háyà katakata ńlá fún ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbẹ́ ihò mélòó kan káàkiri oko náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ ọ̀dàn, bí irú èyí tí ó wà ní Òkè-Ògùn, erùpẹ̀ tí ó lọ́ràá kò nípọn, yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ìtúlẹ̀ jíjìn, nítorí pé yangí ni ẹ ó máa hú wá sókè. Níhìn-ín, katakata kékeré tí ń tú ilẹ̀ léréfèé lè sàn ju ńlá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Katakata alágbára ẹṣin 40 lè fa irin ìtúlẹ̀ oní-dísìkì méjì lórí ilẹ̀ tí kò le jù. Dísìkì méjì náà ń gé ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ìdajì mítà. Bí awakọ̀ bá ń rin kìlómítà 4 ní wákàtí kan, tí a sì yọ ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò náà fún yíyí padà ní ìkángun oko, epo bíbu àti ìsinmi, yóò tú hẹ́kítà 0.15 ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ oníwákàtí méje, ó tó bíi hẹ́kítà kan, èyí tí í ṣe nǹkan bí éékà méjì àtààbọ̀. Irin tí ń fọ́ ògúlùtu, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní hárò, yára jù bẹ́ẹ̀ lọ: èyí tí ó fẹ̀ ní mítà 1.5 lè ṣe hẹ́kítà mẹ́rin lóòjọ́ bí ó bá gba ojú oko kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Oko hẹ́kítà 10, nígbà náà, yóò gba ọjọ́ mẹ́wàá fún ìtúlẹ̀ àti ọjọ́ méjì àtààbọ̀ fún hárò. Bí a bá fi ọjọ́ òjò àti ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ kún un, ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tí òjò àkọ́rọ̀ ṣì lè gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kan bá ní hẹ́kítà 40, ogójì ọjọ́ ni ẹ̀rọ kan náà yóò fi máa tú ilẹ̀, ẹni tí oko rẹ̀ bá gbẹ̀yìn yóò sì máa gbin àgbàdo nígbà tí ti àwọn yòókù ti dé orúnkún. Ẹgbẹ́ a máa tú ká lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Katakata alágbára ẹṣin 75 tí ń fa dísìkì mẹ́ta lè ṣe hẹ́kítà méjì lóòjọ́, nítorí náà fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ni kí wọ́n rà, tàbí kí wọ́n ra kékeré méjì.

Agbára ẹṣin tí a kọ sára ẹ̀rọ kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Ìwọ̀n katakata àti táyà rẹ̀ ni ó ń fi agbára náà di ilẹ̀ mú. Ẹ̀rọ tí ó fúyẹ́ yóò máa yí táyà lójú kan, yóò sì máa jó epo lásán. Ẹ béèrè èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá bí ẹ bá ní àkùrọ̀ tàbí ilẹ̀ alámọ̀. Kí táyà náà jẹ́ ti oko, tí ó ní eyín gíga. Táyà pẹlẹbẹ tí a ṣe fún koríko àgbàlá ilé kò wúlò nínú ẹrẹ̀. Ẹ tún béèrè fún irin ìwọ̀n tí a ń so mọ́ iwájú, nítorí pé bí ohun èlò ẹ̀yìn bá wúwo jù, iwájú yóò fúyẹ́, ọwọ́ ìdarí kò sì ní gbọ́ràn mọ́.

Lẹ́yìn katakata ni ọ̀pá tí ń yí wà, èyí tí a ń kọ PTO sí nínú ìwé ẹ̀rọ. Òun ni ó ń yí ẹ̀rọ ìgékoríko, ẹ̀rọ ìpàgbàdo àti abẹ ayípo tí ń po ilẹ̀. Ìyípo 540 ní ìṣẹ́jú kan ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. Agbára tí ó dé orí ọ̀pá yìí kéré sí ti ẹ́ńjìnnì ní nǹkan bí ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà òun ni kí ẹ fi wé ohun tí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn ń béèrè. Abẹ ayípo dára gan-an nínú àkùrọ̀, ṣùgbọ́n yangí máa ń jẹ eyín rẹ̀ tán kíákíá. Ẹ wọn píìnì apá tí a fi ń so ohun èlò pẹ̀lú. Ti ọ̀pọ̀ katakata kékeré nípọn ní mìlímítà 22, ti èyí tí ó tóbi sì jẹ́ 28. Ẹni tí ó bá ń retí láti yá irin ìtúlẹ̀ lọ́wọ́ onítkatakata ńlá lè rí i pé kò bá tirẹ̀ mu.

Ẹ má ṣe ra katakata tí kò ní ọ̀pá ààbò lẹ́yìn àga awakọ̀ àti bẹ́líìtì. Katakata lè yí dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó sì lè fò sẹ́yìn bí a bá so ìtì igi tàbí kùkùté mọ́ ibi gíga lára rẹ̀ láti fà á. Ibi ìsopọ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ni kí a fi fa nǹkan. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa ń gbà, awakọ̀ kì í rí àyè fò bọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan yóò fi àlòkù láti ilẹ̀ Japan lọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lágbára, ṣùgbọ́n oko ìrẹsì ni a ṣe wọ́n fún: wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fúyẹ́, èdè Japan ni a kọ sára àwọn ọwọ́ ìdarí wọn, àwọn mìíràn kò sì ní ọ̀pá ààbò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú mẹkáníìkì tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé lọ́wọ́, kí ó sọ ibi tí yóò ti rí asẹ́ epo, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì àti ohun ìdènà epo rà láàárín ọjọ́ méjì. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bí ó ti wù kí ó pọ́n tó.

Fún oko kòkó tí ó ti dàgbà, ẹ má ṣe ra katakata rárá. Àwọn gbòǹgbò tí ń fa oúnjẹ fún kòkó wà nítòsí ojú ilẹ̀, ìtúlẹ̀ yóò sì gé wọn.

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, NCAM, tí ó wà ní Ìdófìàn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, a máa ṣe àyẹ̀wò irú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò bóyá irú èyí tí ó ń tà ti gba ibẹ̀ kọjá. Kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó gbé e wá sórí ilẹ̀ yín gan-an, pẹ̀lú ohun èlò tí ẹ fẹ́ máa lò, kí ó tú ilẹ̀ fún wákàtí kan ní ojú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.