Ìjọba Yí Padà, Àlejò Ló Sanwó Rẹ̀

Bí ìjọba bá yí padà ní orílẹ̀-èdè kan, ara aládùúgbò rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Ní Mamobi tí a wà ní Accra yìí, níbi tí Yorùbá, Hausa àti ará Burkina ti jọ ń gbé, ó yẹ ká rántí ẹni tó máa ń san gbèsè irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, ìjọba Gánà kúrò lọ́wọ́ ológun, ó bọ́ sọ́wọ́ Kofi Busia. Oṣù méjì kò tíì pé tó fi pàṣẹ, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nǹkan ti le nígbà náà, àlejò oníṣòwò ni ẹ̀bi sì rọrùn láti dì lé lórí. Ọ̀pọ̀ ará Ogbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀fà tó ti ń tajà ní Gánà láti ayé òyìnbó fi ilé àti owó tí oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀.

Lọ́dún 1979, Rawlings gbàjọba, wọ́n sì yìnbọn pa mẹ́ta nínú àwọn tó ti ṣe olórí ìjọba rí. Inú bí Nàìjíríà, ó dá epo tó ń tà fún Gánà dúró. Awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ ló jìyà rẹ̀, àwọn tí kò fọwọ́ kan ìbọn.

Rawlings padà dé ní ìparí ọdún 1981. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní kí àjèjì tí kò ní ìwé fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ọmọ Gánà tó lé ní mílíọ̀nù kan ló kẹ́rù. Bẹ́ẹ̀, ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn fàlàlà lọ́dún 1979. Ṣùgbọ́n 90 ọjọ́ péré ni àdéhùn náà fún ẹni tí kò gba físà.

Nígbà tí ológun gbàjọba ní Niger lọ́dún 2023, Nàìjíríà ti ẹnubodè, ó sì gé iná mànàmáná. Ààfin ni wọ́n fojú sùn, ilé aláìní ló ṣókùnkùn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Burkina Faso, Mali àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS. Burkina ló bá Gánà pààlà níhà àríwá. Kí Accra àti Ouagadougou kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí wọn ò tíì jà: bí ìjọba bá ń bínú síra wọn, kí ilé, ìsọ̀ àti owó àlejò má ṣe bá a lọ.