Kòkó Ti Wà Nílẹ̀ Kí Rélùwéè Tó Dé Agége

Ọ̀rọ̀ kan ti di àsọtúnsọ lẹ́nu àwa ará Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá títí wọ Ìgándò: pé rélùwéè ló bí Agége àti gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n á ní igbó kìjikìji ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òyìnbó wá na irin gba àárín rẹ̀ kọjá, àwọn èèyàn tẹ̀lé irin, wọ́n dáko kòkó, ìlú sì dé. Olùkọ́ ń fi kọ́ ọmọ. Àwọn tó ń kó ọmọ iléèwé lọ wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ń wí i nínú bọ́ọ̀sì, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn. Ìtàn náà dùn létí, ó sì rọrùn láti há sórí, àmọ́ ẹ̀yìn ló fi ṣe iwájú.

Ẹ jẹ́ ká fi ọdún tò ó. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó. Ó gba Agége kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó wọ Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, Gómìnà William MacGregor sì ṣí i ní March 1901. (Àwọn tó máa ń ní Lugard ló kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí Lugard sinmi. Gilbert Carter ni gómìnà Èkó nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1912 ni Lugard tó wá gba àkóso Gúúsù mọ́ ti Àríwá.) Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1880, ọdún mẹ́rìndínlógún kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ ní Ìddó, wọ́n ti ń gbin kòkó ní Ijon, níhà ìwọ̀-oòrùn Èkó, lápá ẹ̀yìn Agége.

Ẹni tó gbìn ín ni James Pinson Labulo Davies, tí gbogbo Èkó ń pè ní Kápútéènì Davies. Sàró ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sierra Leone. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti di gbajúmọ̀ oníṣòwò kí òwò tó dojú dé fún un láàárín ọdún 1870 sí 1880, tí gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ara ọkọ̀ kan tó ti Brazil wá àti erékùṣù Fernando Po ló ti rí irúgbìn kòkó rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbin kòkó rí á mọ̀ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Hóró kòkó kò dà bí àgbàdo tí èèyàn lè sá gbẹ kó sì fi pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Tó bá ti kúrò nínú èso rẹ̀, tó sì gbẹ, ó ti kú nìyẹn. Odindi èso la máa ń gbé rìn, a ó là á, a ó gbìn ín kíákíá, a ó sì wá ibòji fún ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kókò títí yóò fi lágbára. Lẹ́yìn náà ni sùúrù ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kó tó so. Ẹ wá fi ìyẹn gbé ọdún 1880 wò: igi Davies ti ń so nígbà tí kò tíì sí irin kankan nílẹ̀ láti Ìddó dé Agége.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kì í ṣe igi. Ìyàwó Davies ni Sara Forbes Bonetta, ọmọbìnrin tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́, tí wọ́n sì gbé níyàwó fún un ní Brighton lọ́dún 1862. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní erékùṣù Madeira ní August 1880. Davies ri ọwọ̀n òkúta kan tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ fún ìrántí rẹ̀, kì í sì í ṣe ní Marina tí àwọn ọlọ́lá ń gbé ló rì í sí. Ijon, ní oko, ló gbé e lọ. Ọkùnrin kan kì í gbé òkúta ìrántí aya rẹ̀ lọ sínú igbó tí kò sí nǹkan kan. Oko náà ti di ilé fún un.

Kí ló lé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kúrò nídìí òwò lọ sídìí àdá? Ogun ni, àti owó. Ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì parí títí di 1893. Lójoojúmọ́ ni ọ̀nà ìlú òkè ń tì tó ń ṣí, tí epo àti èkùrọ́ kì í sì í dé Èkó ní àkókò. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń gbòòrò sí i létí ọ̀sà, wọ́n sì ń fún àwọn oníṣòwò dúdú mọ́ ògiri. Ẹni tí ọ̀nà tì mọ́, tí gbèsè sì ń lé, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kó lọ gbin ohun tí yóò tà fúnra rẹ̀ níbi tí ogun kò dé, tí kò sì jìnnà sí èbúté. Ibi tó bá ìyẹn mu jù ni ilẹ̀ Àwórì lẹ́yìn Agége. Nítorí náà, kì í ṣe ojú irin ló fa àwọn olóko wá. Àìrọ́nàgbà ló fà wọ́n.

Lẹ́yìn Davies ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọmọ Ẹ̀gbá, tó ní oko ní Ìfàkò. Òun ni èmi gan-an kà sí baba ilé-iṣẹ́ kòkó ilẹ̀ Yorùbá, bí mi ò tilẹ̀ gba ipò Davies lọ́wọ́ rẹ̀. Coker sọ oko di ilé-iṣẹ́ tòótọ́: ó ń gba alágbàṣe láti ìlú òkè, ó ń san owó fún wọn, ó sì ń kọ́ wọn. Ní 1907 ni àwọn olóko náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége, tí Coker jẹ́ olórí rẹ̀. Alágbàṣe tó bá parí sáà rẹ̀ kì í lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Owó rẹ̀ wà lápò, ìmọ̀ kòkó wà lórí, irúgbìn sì wà nínú ẹrù. Coker tún jẹ́ àgbà nínú ìjọ Áfíríkà tó yapa kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì Breadfruit ní 1901, ibi tí àwọn oníwàásù ìjọ náà bá sì gbé ìhìnrere dé ni wọ́n ń gbé kòkó dé. Báyìí ni kòkó ṣe wọ Ìbàdàn, tó wọ Oǹdó, tó wọ Èkìtì. Nígbà tí wọ́n kọ́ Ilé Kòkó sí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1965, ẹ̀yìn ilé tiwa níhìn-ín ni gbòǹgbò owó ọ̀hún ti wá.

Àwọn kan á ní, ìjọba amúnisìn ló ran kòkó lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé Gómìnà Moloney dá ọgbà ọ̀gbìn kan sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní 1887, wọ́n sì ń fún àwọn èèyàn ní irúgbìn níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ka ọdún yẹn dáadáa. Oko Ijon ti wà láti bí ọdún méje ṣáájú. Ẹni tó bá irun lórí kì í sọ pé òun ló mú un hù.

Kì í ṣe pé irọ́ pátápátá ni ọ̀rọ̀ tí mò ń tún ṣe yìí. Rélùwéè ṣe iṣẹ́ ńlá fún Agége. Kó tó dé, orí alárù ni gbogbo ẹrù. Nígbà tó dé, iye tí èèyàn lè kó lọ sí Èkó di ìlọ́po ìlọ́po. Obì gbàǹja ló jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Lẹ́yìn tí irin Èkó ti pàdé ti Kánò ní nǹkan bí ọdún 1912, gbàǹja Agége ń wọ ọkọ̀ lọ sókè Ọya, àwọn Hausa oníṣòwò sì wá tẹ̀dó sí Agége nítorí rẹ̀. Irin sọ ọjà di ńlá, àmọ́ ó bá ọjà nílẹ̀. Èmi ò rí ìdí tí a ó fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é ká gbé e fún ẹ̀rọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé àṣìṣe náà ló ń tọ́ wa sọ́nà tí a bá fẹ́ jáde lọ wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí ìkànìyàn 2006 ká èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ mọ́, bọ́ọ̀sì iléèwé á gba Oṣòdì kọjá fẹ̀ẹ̀, ó di Òníkan tàbí Àgbádárìgì, bí ẹni pé ìtàn kì í gbé lẹ́yìn Ìyànà Ìpájà. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ ni pé kí wọ́n yí ìrìn náà padà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹni tó bá ń wá oko kòkó ní Ẹ̀gbẹ́dá lónìí, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló máa bá, ìyẹn kò sì ní kí a má dúró níbẹ̀ sọ ìtàn Ijon fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gba Akówonjo yọ sí Agége, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin.

Láti October 2024 ni ọkọ̀ Red Line ti ìjọba Èkó ti ń gbé èrò, ó sì ń dúró ní Agbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Múṣin, Yábàá àti Ọ̀yìngbò. Níhìn-ín, ẹ ṣọ́ra fún àṣìṣe kékeré kan: ojú irin 1896 kọ́ ni ọkọ̀ yìí ń gbà. Irin àtijọ́ kò fẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ péré ni, ìyẹn 1,067 mílímítà láàárín irin kan sí èkejì. Ti tuntun tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní June 2021 jẹ́ 1,435. Níbi tí irin àtijọ́ bá ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú wọ̀n ọ́n. Wọ́n á rí i pé ọkọ̀ ti ìsinsìnyí kò lè gùn ún.

Ní Èbúté Mẹ́ta ni Jaekel House wà, nínú ọgbà rélùwéè. Ilé onípákó alájà kan ni, wọ́n kọ́ ọ ní 1898. Ẹgbẹ́ Legacy tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ ló tún un ṣe ní 2010, wọ́n sì kó àwòrán àti ohun èlò rélùwéè síbẹ̀. Jaekel kọ́ ló kọ́ ọ o, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Francis Jaekel jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ rélùwéè ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, òun ló sì kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà ní ìwé mẹ́ta tó jáde ní 1997. Ní Èbúté Mẹ́ta yìí kan náà ni Amos Shackleford, ará Jamaica tó dé ní 1913 wá ṣe akọ̀wé rélùwéè, ti dá iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ ní 1921. Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì Agége, tó rò pé Agége ni gbogbo ìtàn búrẹ́dì Èkó ti bẹ̀rẹ̀, kó rántí Shackleford.

Mo fo Ìjú, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fò ó. Ilé-iṣẹ́ omi ibẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, wà nítòsí wa gan-an, tí ẹ bá ti gba àṣẹ kí ẹ tó lọ. (Àwa tí à ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, tí à ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sẹ́yìn ilé, tí omi Ìjú sì ń ṣàn gba ìtòsí wa lọ sí Èkó láti ìgbà ayé àwọn baba baba wa, a mọ ohun tí a ó bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.) Àṣìṣe kan náà ló tún wà níbẹ̀: pé ṣáájú Ìjú, Èkó kò rí omi gidi mu, pé ẹ̀bùn ni ìjọba fún wọn. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń bu owó lé! Nígbà tí ìjọba ń gbèrò láti gba owó omi náà lọ́wọ́ ará ìlú, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti takò ó. Randle kò kórìíra omi tó mọ́. Ó jẹ́ dókítà. Ohun tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń sọ ni pé òyìnbó ni omi náà máa kọ́kọ́ ṣe láǹfààní, kí ló dé tó jẹ́ pé ará ìlú tó ní kànga tirẹ̀ ni yóò sanwó. Ní 1916, ìjọba gba owó náà, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀.

Tí ọjọ́ bá ṣì kù lẹ́yìn Èbúté Mẹ́ta, ẹ sọdá sí Erékùṣù. Ẹ ó rí orúkọ Randle yẹn lára ilé àṣà Yorùbá tuntun ní Òníkan, nítòsí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti wà níbẹ̀ láti 1957. Ẹ wá rìn díẹ̀ dé òpópónà Kákáwá, ẹ béèrè Ilé Omi, ilé ìdílé da Rocha tó ti Brazil padà dé. Kànga wà nínú ilé náà, omi rẹ̀ ni ìdílé ọ̀hún sì ń tà fún ará Èkó láyé ìgbà tí ẹ̀rọ Ìjú kò tíì sí.