Owó Ìrànlọ́wọ́ àti Àwọn Ẹgbẹ́ Ìlú ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní ìlú wa ni ó ń béèrè lónìí bí a ti ṣe ń rí owó ìrànlọ́wọ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba àti lọ́wọ́ àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè. Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Àwọn baba wa ti béèrè rẹ̀ ṣáájú wa, ó sì yẹ kí a kọ ohun tí ojú wọn rí sínú ìwé ọdọọdún yìí, kí àwọn akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ wa má baà máa rò pé ìwé ìtọrọ tí ó dùn ún kà nìkan ni ó ń mú owó wá.

Ọ̀kan nínú àwọn owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ nawọ́ rẹ̀ sí Ìjẹ̀bú kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá. Ní oṣù January ọdún 1892, Gómìnà Èkó, Gilbert Carter, fi £500 lọ́dọọdún lọ Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, kí Ìjẹ̀bú lè ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún gbogbo oníṣòwò, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú owó oníbodè. Àwọn ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀ kọ̀, wọn kò fọwọ́ sí ìwé náà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń gbé Èkó ni a ní kí ó bá wọn fọwọ́ sí i. Ní oṣù May ọdún kan náà ni ogun Ìmàgbọn jà. Àwọn kan yóò wí pé kí ni ti ogun nínú ọ̀rọ̀ owó ìrànlọ́wọ́. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Májẹ̀mú ni ó máa ń ṣáájú owó, ẹni tí yóò sì fọwọ́ sí i ní láti jẹ́ ẹni tí ìlú rán.

Nípa ilé ìwé ni owó ìrànlọ́wọ́ tòótọ́ fi wọ ilẹ̀ yìí. Òfin ẹ̀kọ́ tí a ṣe ní Èkó ní ọdún 1887 ní kí a máa fún àwọn ilé ìwé ìjọ lówó gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ tí ń wá sí ilé ìwé àti bí wọ́n ti ṣe sí nínú ìdánwò. Òfin ti ọdún 1926 tún fi kún un pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí alábẹ̀wò sì máa yẹ iṣẹ́ ilé ìwé wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1913, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà àti àwọn ará ìlú ni ó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ àpò. Alàgbà I. O. Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé náà títí di ọdún 1932, mọ adùn owó ìjọba, ó sì mọ ìkorò rẹ̀. Ní ọdún 1926 ó kó àwọn ọ̀gá ilé ìwé Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Ní ọdún 1931 òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ gbogbo Nàìjíríà. Àkókò náà ni ọjà kógbá sílé káàkiri ayé. Owó ìjọba fún àwọn ilé ìwé ìjọ dínkù, àwọn ìjọ sì gé owó oṣù olùkọ́. Igbe lórí owó oṣù tí a gé yìí wà lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ tuntun náà ṣe. Ọjà tó dàrú ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ni ó mú kí olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú máa jẹ gbèsè.

Ní ọdún 1935 ni a ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Èsúsú kì í ṣe àjèjì sí ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n èsúsú kò ní ìwé tí ará ìta lè kà. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó gbé e ró. Òfin náà béèrè orúkọ, ìwé ìṣirò, àti ẹni tí yóò wá yẹ ìwé náà wò lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ àgbà rí i bí àfojúdi nígbà náà.

Lẹ́yìn ogun Hitler, ètò ọlọ́dún mẹ́wàá ti ọdún 1946 ṣírò £55 mílíọ̀nù fún gbogbo Nàìjíríà, £23 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀bùn láti inú owó ìdàgbàsókè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ìlú tí ó bá fẹ́ afárá tàbí ilé ìgbẹ̀bí a máa gbẹ́ ilẹ̀, a máa ru yanrìn, kí ìjọba tó fi sìmẹ́ǹtì àti oníṣẹ́ ọwọ́ kún un. Ètò DFRRI ti ọdún 1986 náà tọ ọ̀nà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pátákó ni ó pọ̀ ju ọ̀nà lọ ní ibòmíràn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1998 ni ó yẹ kí a dúró lé lórí jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, tí ó ti jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé lágbàáyé, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ipò àwọn ará ìlú. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ń gbé nínú ìṣẹ́. Ìròyìn yìí dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí ojú ọlọ́rọ̀ ni a fi ń wo Ìjẹ̀bú. Ètò ìṣàbójútó ìlú ńlá ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ràn wọ́n lọ́wọ́ láti pe ìpàdé gbogbo ìlú. Àjọ Ford ti Amẹ́ríkà náà ṣe ìrànwọ́. Ní ọdún 1999 ìgbìmọ̀ fún ìdínkù ìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí àwọn àjèjì fi gbà láti dá sí i? Mo gbà pé ẹgbẹ́ ni. Awùjalẹ̀ ti jí àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dìde, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí tí a ń rí nínú aṣọ kan náà ní Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tọkùnrin tobìnrin. Ènìyàn lè máa wo aṣọ wọn kí ó gbàgbé pé wọ́n ń dá owó. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà nílò owó, ó ní ibi tí yóò kọ́kọ́ yà sí nílé, kí ó tó wo òkè òkun.

Ìgbìmọ̀ náà kò pín owó bí ẹni ń pín sàráà. Ó yá a fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí owó lè padà wá, kí ẹlòmíràn sì rí i lò. Ní Eriwe, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ kòtò ẹja àrọ̀ sí ojú kan, olùsìn ẹja ń gba ọmọ ẹja àti oúnjẹ ẹja láwìn, a sì ń yọ gbèsè rẹ̀ nígbà tí ẹja bá délẹ̀ ọjà. Àwọn kan bínú nígbà náà pé owó aráayé ni, èéṣe tí a ó fi dá a padà? Ìbínú náà kò mú ọgbọ́n lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mábògùnjẹ́ papòdà ní ọdún 2022, Awùjalẹ̀ sì wàjà ní ọdún 2025.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń kọ ìwé ìtọrọ lónìí, ìbéèrè alábẹ̀wò ti 1926 àti ti òfin 1935 ni wọn yóò tún bi yín. Lábẹ́ òfin ọdún 2020, ẹgbẹ́ tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ó ní àwọn alágbàtọ́jú gbọ́dọ̀ kó ìròyìn ọdún rẹ̀ lọ láàárín ọgbọ̀nọjọ́ oṣù June àti ìparí oṣù December. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kò ṣe é láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri, ó parí. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí a gbọ́ pé owó ń bọ̀ kò ní ìròyìn kankan láti kó lọ.

Nítorí náà, kí ìwé ìtọrọ tó jáde, kí akọ̀wé wá ìwé ìpàdé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí akápò sì sọ iye owó oṣù tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ti san. Kí wọ́n wo orúkọ tí ń fọwọ́ sí ìwé owó ní bánkì pẹ̀lú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti di olóògbé, kí a tètè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí owó lè dé tán kí ó má sì ṣeé gbà.