Amúkùn-ún, Ẹrù Rẹ Wọ́: Ọ̀rọ̀ Àtẹ̀gùn, Gọ́tà àti Òfin

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ọ̀ràn tí orísun rẹ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń rí i ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí sí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó ń pa á kì í sábà yẹ̀ wò: amúkùn-ún náà gbà láìjanpata pé ẹsẹ̀ òun ni ìsàlẹ̀ tó bàjẹ́. Àwọn akàndá ẹ̀dá tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn lóde òní kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ìsàlẹ̀ mìíràn tún wà lábẹ́ ẹsẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ téèyàn ń tẹ̀. Ní 1976, ẹgbẹ́ UPIAS, tí àwọn akàndá ẹ̀dá dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé àbùkù ara ọ̀tọ̀, ìdíwọ́ tí àwùjọ gbé kalẹ̀ ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ fẹ́ gba owó ní báńkì. Gọ́tà ló máa kọ́kọ́ pàdé, àlàfo tó wà láàárín kọnkéré tí wọ́n fi bò ó sì fẹ̀ tó láti gbé táyà kékeré iwájú kẹ̀kẹ́ mì. Bó bá ré ìyẹn kọjá, àtẹ̀gùn mẹ́ta ń dúró dè é. Bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá gbé e gòkè tán bí àpò ìrẹsì, ó ku ilẹ̀kùn onígíláàsì tí àwọn báńkì ń lò nítorí adigunjalè, èyí tó ń gba ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, tó ń tì lẹ́yìn kó tó ṣí níwájú. Kẹ̀kẹ́ kò gba ibẹ̀. Sẹ́kíúrítì á ní, "Ẹ dúró ná, bàbá, ẹ jẹ́ kí n wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́." Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ á sì ti jáde lọ jẹun.

Àwọn onílé kan ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti da símẹ́ǹtì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Wọ́n ṣeun, àmọ́ ìṣirò wà níbẹ̀. Ìlànà tí àwọn ayàwòrán ilé mọ̀ jù ni oókan sí méjìlá: iye yòówù kí ilẹ̀ fi ga, kí ọ̀nà náà gùn tó o ní ìlọ́po méjìlá. Àtẹ̀gùn mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, jẹ́ 45 lápapọ̀. Ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 5.4. Ilé tó kángun sí gọ́tà kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ni bíríkìlà á bá fi mítà kan àbọ̀ ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ ni irú ìyẹn wúlò fún. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ gun ibẹ̀ lè fẹ̀yìn balẹ̀.

Oṣù Kínní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka dídẹ́yẹ sí akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Òfin 2018. Ó ní kí ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní lífìtì, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ohun ìrànwọ́ mìíràn, ó sì fún àwọn tó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti oṣù Kínní 2024. Ilé-iṣẹ́ tó bá dẹ́yẹ sí akàndá ẹ̀dá, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà.

Oṣù méjì péré lẹ́yìn tí ọdún márùn-ún náà pé ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Múrítàlá, ní Ìkẹjà. Adébọ́lá Daniel, ọmọ Ọ̀túnba Gbenga Daniel tó ti ṣe gómìnà Ògùn rí, ròyìn lórí X pé wọ́n ní kẹ̀kẹ́ arọ òun kò gbọdọ̀ wọ ilé oúnjẹ KFC tó wà níbẹ̀. Ariwo ta, FAAN, àjọ tó ń bójú tó pápákọ̀ òfurufú, ti ibẹ̀ pa, òfin akàndá ẹ̀dá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ni wọ́n gbára lé, KFC sì tọrọ àforíjì. Kì í ṣe àtẹ̀gùn ló dá a dúró níbẹ̀, ẹnu èèyàn ni. Ó sì yẹ kéèyàn béèrè bí wọn ì bá ti ti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni pa ká ní ọmọ aláta ní ọjà Òkè-Ajé ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ọ̀pọ̀ ń wo Abújà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gbàgbé pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a ní 2003, nínú ẹjọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú àti ilé kíkọ́ wà. Pláànù gbọ̀ngàn àríyá tí ọmọ Ìjẹ̀bú kan fẹ́ kọ́, ọ́fíìsì ètò ìlú ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ló máa lù ú lóǹtẹ̀. Òfin 2018 sì mọ ibẹ̀: òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí pláànù tó tàpá sí ìlànà ilé kíkọ́ lè san ó kéré tán mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kó rí méjèèjì. Ibi tó yẹ kí òfin ti bunijẹ gan-an nìyẹn, torí lórí bébà, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò ju ìlà tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà. Bí fáúndéṣọ̀n bá ti ga tán nítorí omi òjò, wíwó ló kù. Kì í sì í ṣe àlejò nìkan ló nílò rẹ̀: láti ìgbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí olórin Yinka Ayefele ní 1997, orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń kọrin fáwọn ọlọ́jọ́ ayẹyẹ. Gbọ̀ngàn mélòó ló ní ọ̀nà tí irú olórin bẹ́ẹ̀ lè fi dé orí pèpéle láìgbé e?

Ti ọkọ̀ tún yàtọ̀. Òfin ní kí ọkọ̀ èrò ní ohun tí yóò gbé oníkẹ̀kẹ́ wọlé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ọ̀sì á na pákó irin sílẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ á gùn ún. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, kòrópé, Márúwá àti ọ̀kadà ló ń kó èrò, aládàáni ló sì ni wọ́n. Márúwá ló sàn díẹ̀ fún ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, torí ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ṣe é kò ro tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹnì kan lè rò pé àwọn tó nílò gbogbo èyí ń dín kù, torí oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé àrùn rọpárọsẹ̀ àdáyébá (wild polio) ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Síbẹ̀ ọ̀kadà ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ń mú kí wọ́n gé e, ẹ̀jẹ̀ ríru ń rọ èèyàn lápá kan, orúnkún ìyá àgbà kò sì fẹ́ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́.

Apá kan wà nínú òfin náà tí kò gba símẹ́ǹtì rárá: níbi téèyàn bá ti tò sí ìlà, akàndá ẹ̀dá ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, kí wọ́n sì ṣe tirẹ̀ láìjẹ́ kó tò sí ìlà bó bá ṣeé ṣe. Ilé ìwòsàn ìjọba, ọ́fíìsì káńsù àti ibi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Fún adití tó jókòó lẹ́yìn, tí nọ́ọ̀sì ń pe orúkọ rẹ̀ títí tí kò dáhùn, pátákó kékeré kan àti ṣọ́ọ̀kì tó láti kọ nọ́ńbà ẹni tó kàn sí.