Góòlù Àkọ́kọ́ Kì í Ṣe Ife: Ẹ̀kọ́ Ogójì Ọdún fún Super Eagles

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ṣubú ní ìlú Àbíjáàn. Ní ìṣẹ́jú 38 ni William Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Ivory Coast nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ariwo ayọ̀ sọ nínú àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè. Ní ìṣẹ́jú 62, Franck Kessié dá góòlù náà padà. Ní ìṣẹ́jú 81, Sébastien Haller fi èkejì kún un. Ẹni tó ń jó nígbà góòlù àkọ́kọ́ ló dákẹ́ rọ́rọ́ lọ sí ilé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wí lọ́jọ́ kejì ni pé ilé ló gbe onílé, tàbí pé orí ló tako wa. Èmi kò sọ pé ilé kì í gbe onílé. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kì í ṣe ọmọdé nínú bọ́ọ̀lù Áfíríkà mọ́. Ìgbà mẹ́ta ni a ti gba ife náà, ní ọdún 1980, 1994 àti 2013. Àgbà ni wá, ẹ̀yìn ló sì yẹ kí á wò. Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé irú ìṣubú Àbíjáàn yìí ti di àṣà: àwa la ó kọ́kọ́ jẹ góòlù, àwọn ẹlòmíràn ni yóò borí.

Àbíjáàn kan náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1980, ẹgbẹ́ tí Otto Glória, akọ́nimọ̀ọ́gbá láti ilẹ̀ Bràsíìlì, kó jọ na Àlùjíríà ní 3-0 ní Sùúrùlérè. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Muda Lawal jẹ ẹyọ kan. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, kó ẹgbẹ́ tuntun dé àṣekágbá ní Àbíjáàn. Muda Lawal tún ni ó kọ́kọ́ jẹ góòlù lọ́jọ́ náà. Kamẹrúùnù dá a padà, wọ́n sì fi méjì lé e: 3-1. Ọ̀pọ̀ gbà pé àìtójú-bọ́ àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ náà ló fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó tójú bọ́ dáadáa tún ṣe irú rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà.

Clemens Westerhof, ará Netherlands, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 1989. Finidi George ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, Emmanuel Amunike ní ẹ̀gbẹ́ òsì, Rashidi Yẹkíni sì dúró láàárín bí òpó ilé. Ẹgbẹ́ yìí gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tùnísíà ní ọdún 1994, ó sì na Bùlùgéríà ní 3-0 nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n pàdé Ajẹntínà, Samson Siasia kọ́kọ́ jẹ góòlù. Kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, Claudio Caniggia ti jẹ méjì. Bọ́ọ̀lù tí rẹfirí dá dúró nítorí ìwà àìtọ́ ni méjèèjì ti wá. Nígbà tí wọ́n jẹ èkejì, àwọn tiwa ṣì ń tò ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí Diego Maradona ti ta bọ́ọ̀lù sí Caniggia.

Ìyẹn kò dun ènìyàn tó ti Ítálì. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún náà, Amunike jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú 25. Kí ìdíje tó parí, wọ́n fi káàdì pupa lé Gianfranco Zola jáde, Ítálì sì ku ènìyàn mẹ́wàá. Ó ku ìṣẹ́jú méjì péré kí aago lù nígbà tí Roberto Baggio gba bọ́ọ̀lù, tó sì yí i sí igun ilé tí ọwọ́ Peter Rufai kò lè dé. Nínú àfikún àkókò, Baggio tún fi pẹ́náritì jẹ èkejì. Ẹgbẹ́ tó ń ṣíwájú, tó tún pọ̀ ju ọ̀tá rẹ̀ lọ, ni wọ́n nà yìí.

Ní ọdún 2002, ní Jàpáànù, Julius Aghahowa kọ́kọ́ jẹ góòlù. Henrik Larsson ti Swídìnì dá méjì padà. Ní ọdún 2010, ní Gúúsù Áfíríkà, Kalu Uche kọ́kọ́ jẹ góòlù. Wọ́n lé Sani Kaita jáde, Gíríìsì sì jẹ méjì. Ohun kan so ọdún méjèèjì yìí pọ̀. Àmọ́dù Shuaibu ló mú wa gba tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje méjèèjì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ó gbé wa ṣe ipò kẹta nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún kan náà, lẹ́ẹ̀mejèèjì náà ni wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ku oṣù díẹ̀. Wọ́n pe Onígbìndé ní 2002, wọ́n pe Lars Lagerbäck ní 2010. Ta ni yóò fi oṣù díẹ̀ kọ́ ènìyàn mọ́kànlá bí a ṣe ń ṣọ́ ohun tí a ti rí gbà?

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ojo ni àwọn ọmọ wa. Nínú àṣekágbá Tùnísíà, Sámbíà ló kọ́kọ́ jẹ góòlù. Amunike fi méjì gba ife lọ́wọ́ wọn. Ní Òlíńpíìkì ọdún 1996, Bràsíìlì ti fi 3-1 ṣíwájú kí Nwankwo Kanu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó yí i padà sí 4-3. Ajẹntínà náà ṣíwájú nínú àṣekágbá, ó sì parí sí 3-2 fún wa. Ní ọdún 1998, ẹ̀ẹ̀mejì ni Sípéènì ṣíwájú wa kí Sunday Oliseh tó gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọlé láti òkèèrè. Nígbà tí a bá wà lẹ́yìn, gbogbo wa mọ ohun tó kàn: kí á máa lọ síwájú. Ìgbà tí a bá wà níwájú ni ọ̀rọ̀ máa ń rú wa lójú. A kò lọ síwájú mọ́, a kò sì di ẹ̀yìn mú tán.

Ọjọ́ kan wà tí a ṣe é bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2013, ní Johannesburg, Sunday Mba jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú 40 sí àwọ̀n Burkina Faso. Láti ìgbà náà títí dé ìparí, góòlù kan ṣoṣo yẹn ló gba ife fún Stephen Keshi. Ọgbọ́n tó lò kò ṣòro. Ó fi ènìyàn mẹ́ta sí àárín, Mikel Obi, Ogenyi Onazi àti Mba fúnra rẹ̀, kí bọ́ọ̀lù lè máa wà lọ́wọ́ tiwa. Ó sì fi ìgboyà gbé ọ̀dọ́ lé ẹ̀yìn: Godfrey Oboabona, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, àti Kenneth Omeruo. Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò nílò láti máa sá kiri lẹ́yìn ọ̀tá.

Ẹ wá fi èyí wé Àbíjáàn. José Peseiro fi adẹ̀yìnmú mẹ́ta sí ẹ̀yìn, ó sì fi Alex Iwobi àti Frank Onyeka nìkan sí àárín. Ètò yìí ṣiṣẹ́: a na Ivory Coast ní 1-0 ní ìpele àkọ́kọ́, a na Kamẹrúùnù, a na Àǹgólà. Ṣùgbọ́n nínú àṣekágbá, ènìyàn mẹ́ta ni Ivory Coast fi sí àárín: Kessié, Jean Michaël Seri àti Seko Fofana. Méjì kò lè di mẹ́ta mú. Bí àárín ti bọ́ lọ́wọ́ wa, àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ń fà sẹ́yìn, Simon Adingra sì rí ààyè ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù góòlù méjèèjì ti wá, ọ̀kan láti kọ́nà, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ pápá.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣebí Ivory Coast náà lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn láàárín ìdíje, lẹ́yìn tí Equatorial Guinea nà wọ́n ní 4-0, tí Emerse Faé sì gba ife? Òótọ́ ni. Àkókò nìkan kọ́ ni oògùn. Peseiro ní ju ọdún kan lọ, àwa náà la sì pàdánù. Ohun tí a bá fi àkókò náà kọ́ ló ṣe pàtàkì. Faé rí i pé àárín ni ogun wà, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi yẹ kó parí sọ́dọ̀ àwọn àgbà òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀lù ní Àbújá. Pápá iléèwé ni irú ìwà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. A máa ń kọ́ ọmọ bí yóò ṣe yọ ènìyàn mẹ́ta kọjá. A kì í kọ́ ọ bí yóò ṣe di bọ́ọ̀lù mú nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi ẹyọ kan ṣíwájú. Ẹ jẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣètò ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1-0, tó ku ogún ìṣẹ́jú. Kí ó yọ ẹnìkan kúrò nínú ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Kí ó bi àwọn ọmọ léèrè ẹni tí yóò dúró níwájú bọ́ọ̀lù nígbà tí rẹfirí bá fun fèrè. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ẹgbẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife líìgì Nàìjíríà ní ọdún 2025 lábẹ́ Daniel Ogunmodede, ọmọ ilẹ̀ yìí. Kò yẹ kí á máa wá ọgbọ́n lọ sí òkè òkun kí á tó béèrè lọ́wọ́ irú wọn.

Keshi àti Àmọ́dù kú nínú oṣù Kẹfà kan náà ní ọdún 2016, ọjọ́ díẹ̀ ló wà láàárín ikú wọn. Ọ̀kan fi bí a ṣe ń ṣọ́ góòlù kan títí dé òpin hàn wá. Èkejì kò rí àkókò gbà láti fi tirẹ̀ hàn. Ní ọjọ́ mìíràn tí a bá tún kọ́kọ́ jẹ góòlù, kí á rántí àwọn méjèèjì, kí á sì fi ijó wa sílẹ̀ di ìgbà tí rẹfirí bá fun fèrè ìkẹyìn.